Ẹ̀rù Tí Kò Náni Lówó: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín

Mẹ́rin nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí dá lórí fíìmù adẹ́rùbani. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ wọn so kọ́ra, ni mo bá kó wọn síbi kan. Ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa aṣọ òkè fún eré ìgbéyàwó, ẹ fara balẹ̀ fún mi, tiyín ń bọ̀. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ojú ewé yìí, aránṣọ eré ni mí, ẹ̀yìn ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Láti ayé kásẹ́ẹ̀tì VHS ni mo ti ń ránṣọ fún òṣèré, mo sì ń darí eré fúnra mi báyìí.

Láti Under G, Ògbómọ̀ṣọ́

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ni mí. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin fẹ́ kópa nínú ìdíje fíìmù kékeré kan. Fíìmù adẹ́rùbani ni wọ́n ní ká ṣe, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló sì kù. ₦45,000 la rí dá jọ. Fóònù Android méjì la ní, a ò ní kámẹ́rà. Ìtàn tí mo kọ dá lórí àwọn àjẹ́ méjìlá tó ń ṣèpàdé nínú igbó. Wọ́n rán òjòlá sí ọmọkùnrin kan, mọ́tò rẹ̀ sì dànù lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Ṣé owó yìí lè ṣe é, mà? Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?"

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o káre. Owó yẹn ò lè ṣe ìtàn yẹn, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ẹ ó máa mánéèjì ẹ̀. Àjẹ́ méjìlá, aṣọ méjìlá nìyẹn, oúnjẹ méjìlá, owó ọkọ̀ méjìlá. Òjòlá tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe tí kò dáa, ẹ̀rín ló máa ń pa ẹni tó ń wò ó. Ti mọ́tò tó dànù, kò sí lára ohun tí ẹni tó ní ₦45,000 lè máa rò. Fi ìtàn náà pamọ́, ó ṣì máa wúlò fún ọ.

Wá wo inú ilé tí ẹ ń gbé. Kí ni wọ́n kọ́ ọ láti kékeré pé kó o má ṣe? Wọ́n ní a kì í súfèé lóru. Wọ́n ní a kì í gbálẹ̀ lóru. Wọ́n ní bó o bá gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ lóru, tí o kò sì rí ẹni tó pè ọ́, o ò gbọdọ̀ jẹ́. Èèwọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú wọn tó fíìmù. Ẹni tó máa wò ó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti mọ ìdí ẹ̀rù náà kó o tó gbé kámẹ́rà. Ìyá rẹ̀ àgbà ti bá ọ ṣe ìdajì iṣẹ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ ni àkúdàáyà. O mọ̀ ọ́n: ẹni tó kú sí ìlú rẹ̀, tí wọ́n ti sin, tí ẹnìkan wá rí ní ìlú mìíràn tó ń ṣòwò, tó ti láya, tó ti bímọ, tó sì pòórá lọ́jọ́ tí ará ilé bá a pàdé. Àkúdàáyà kò nílò eyín gígùn, kò nílò ojú pupa, kò nílò ìwo. Ó ń jẹun, ó ń nájà, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwa tí a ń wò ó nìkan la mọ ohun tó jẹ́. Fún ẹni tí kò lówó ìkunjú, kò sí iwin tó dáa tó o.

Jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan lé ọ lọ́wọ́. Ọmọbìnrin méjì jọ ń gbé yàrá kan. Ọ̀kan ti ìsinmi dé lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó gbé báàgì kalẹ̀, ó mú ìgbálẹ̀, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Èkejì ké sí i láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, "Ìwọ, a kì í gbálẹ̀ lóru o." Kò dáhùn, ó ń gbá a lọ. Fóònù dún. Ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbálẹ̀ yẹn ló pè, ohùn ìyá náà ti há, ó ń dúpẹ́ owó ìsìnkú tí àwọn ọmọ kíláàsì dá ránṣẹ́. Ọmọbìnrin náà ò lè fèsì. Ojú rẹ̀ ń bẹ lára ìlẹ̀kùn. Ìró ìgbálẹ̀ ń lọ, ṣàà, ṣàà, ṣàà. Ó dákẹ́. Òṣèré méjì, yàrá kan, ohùn kan lórí fóònù, ìgbálẹ̀ kan. Parí rẹ̀ bó o ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí fóònù yẹn bá ti dún, má ṣe jẹ́ ká tún rí ojú ẹni tó ń gbálẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan, tàbí òjìji rẹ̀ lábẹ́ ìlẹ̀kùn.

Ìtàn Ọ̀yọ́ gan-an jẹ́rìí sí ohun tí mò ń sọ yìí. Nígbà tí Aláàfin Abípa fẹ́ kó ìjọba kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́-Ilé, àwọn ìjòyè kò fẹ́ lọ. Ọba rán èèyàn ṣáájú lọ ṣètùtù sí ibi tí wọ́n máa tẹ̀dó sí, àwọn ìjòyè náà sì ti fi àwọn kan pamọ́ sórí òkè. Bí àwọn ìránṣẹ́ ọba ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́ igbe láti òkè: "Kò sí àyè! Kò sí àyè!" Bílẹ̀ bá ṣú, àwọn kan á máa mú iná lọ́wọ́, wọ́n á máa rìn kiri orí òkè náà, wọ́n á máa hu. Gbogbo èèyàn gbà pé iwin ni, àfìgbà tí àṣírí tú, tí ọba rán ọdẹ lọ mú wọn. Òun ni wọ́n fi ń pè é ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú ọ̀rọ̀, ìyẹn iwin. Wo ohun tí wọ́n fi ba odindi ìjọba lẹ́rù: ohùn, iná, òkùnkùn, àti pé wọ́n jìnnà débi tí ẹnikẹ́ni ò lè rí ojú wọn. O ní gbogbo mẹ́rin.

Ibì kan wà tí mi ò fẹ́ kó o ti tẹ̀ lé àwọn ìjòyè yẹn. Abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá àti arọ ni wọ́n kó lọ sórí òkè, torí wọ́n mọ ojú tí ayé fi ń wò wọ́n. Ọ̀pọ̀ fíìmù wa ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní. Má ṣe é. Àfín tó ń gbé àdúgbò rẹ máa jáde lọ ra búrẹ́dì lọ́la, ojú tí fíìmù rẹ bá kọ́ àwọn ọmọdé láti fi wò ó ni wọ́n máa fi wò ó. Bákan náà, bó o bá fẹ́ fi babaláwo sínú rẹ̀, má ṣe sọ ọ́ di ìkà láìnídìí. Ó dùn mí púpọ̀ bí a ṣe ń fi àgbà tó ń tọ́jú èèyàn ṣe ohun tí a fi ń dẹ́rù ba ọmọ.

Ó yá, ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kọ ìwé eré. Ojú ewé kan máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ojú ewé mẹ́rin ni kó o kọ, kì í ṣe mẹ́fà, torí ìdákẹ́jẹ́ náà ń jẹ àkókò. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, kí gbogbo yín lọ jókòó sínú yàrá tí ẹ máa lò, ní wákàtí tí ẹ máa lò ó gan-an, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ máa gbọ́. Jẹnẹrétọ̀ ta ló ń dún? Ajá ta ló ń gbó? Ṣọ́ọ̀ṣì wo ló ń ṣe ìṣọ́ òru lọ́jọ́ Jímọ̀? Ẹ yan Mọ́ńdè àti Túsìdeè. Ẹ lọ bẹ aládùúgbò tó ní jẹnẹrétọ̀ pé kó bá yín pa á fún wákàtí méjì, kí ẹ sì mú nǹkan dání lọ. Òru méjì ni kí ẹ fi yà á, kí ẹ fi òru kẹta sílẹ̀ fún òjò. Ọjọ́ tó bá ṣẹ́ kù, ti èdítì ni. Ọjọ́ kẹsàn-án kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ rárá, ọjọ́ ìfiránṣẹ́ ni.

Fóònù rẹ tó. Ohun tó ń ba iṣẹ́ fóònù jẹ́ ni pé a máa ń jẹ́ kó ronú fún wa. Bó bá ti rí òkùnkùn, ó máa fi tipátipá mú un mọ́lẹ̀, àwòrán á sì máa ta wìnrìnwìnrìn. Tẹ ojú fóònù níbi tí ojú òṣèré wà, di ìka mú títí àmì àgádágodo á fi yọ, kó o wá fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Iná mànàmáná ilẹ̀ wa, 50 Hz ni: ìgbà 50 ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Gílóòbù a máa mọ́lẹ̀, a máa rẹlẹ̀ ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú wa ò rí i, kámẹ́rà rí i, ìdí nìyẹn tí ìlà dúdú fi máa ń gun orí àwòrán. Fi fóònù sí 25 fps (àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), kó o fi shutter, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń lajú fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, sí 1/50. Bí kámẹ́rà tó bá fóònù wá kò bá gbà ọ́ láyè, áàpù ọ̀fẹ́ wà bí Open Camera tó lè ṣe é lórí ọ̀pọ̀ Android.

Òkùnkùn biribiri kò ṣeé fi fóònù yà. Ìran ìta, ẹ yà á lẹ́yìn tí wọ́n bá kírun Màgàríbì, kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá. Ní apá ibi tí a wà yìí, ìmọ́lẹ̀ yẹn kì í ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ, kí gbogbo yín ti múra tán, kí ẹ ti ṣe é láṣedánwò lọ́sàn-án. Fi white balance, ìyẹn ètò àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, sí 3200K, tàbí kó o yan àmì gílóòbù. Ojú ọ̀run á di búlúù, iná àtùpà á dúró ní àwọ̀ rẹ̀, ẹni tó bá wò ó á búra pé ààjìn ni. Nínú ilé, iná oníṣáàjì kan péré. Má gbé e síwájú òṣèré, gbé e sí ẹ̀gbẹ́, ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́ bò ó kó lè rọ̀. Fún òjìji abẹ́ ìlẹ̀kùn tí mo sọ, pa gbogbo iná yàrá, gbé iná náà sílẹ̀ pẹ̀lẹbẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóde, kí ẹni tó ń gbálẹ̀ wà láàárín iná àti ìlẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà dúró jẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kó dúró pẹ́.

Fóònù kejì, ti ohùn ni. Yọ ọ́ kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fi sábẹ́ ìrọ̀rí tàbí sínú àyà aṣọ òṣèré, kó súnmọ́ ẹnu ju bó o ṣe rò lọ. Kí òṣèré pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà kó tó bẹ̀rẹ̀, ibi tí ìpàtẹ́wọ́ yẹn bá ti ṣe déédéé ni wàá fi so ohùn mọ́ àwòrán. Bí ẹ bá sì ti parí ìran kan, kí gbogbo èèyàn dúró láìmira fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gba ohùn yàrá náà lásán sílẹ̀. Wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nídìí èdítì.

Nínú owó yín, oúnjẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, oúnjẹ gidi, torí ẹni tí wọn kò sanwó fún ò yẹ kí ebi tún máa pa á ní aago méjì òru. Lẹ́yìn ìyẹn, dátà, owó ọkọ̀, káàdì mẹ́mórì, àti ohun tí ẹ máa fi bẹ aládùúgbò. Kò sí ohun mìíràn nínú ìtàn yìí tó ń béèrè owó.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù rèé. Kí ẹ tó gbé aṣọ òkú tàbí àdá jáde lóru, kódà bó jẹ́ inú ọgbà ilé yín, ẹ lọ rí onílé, ẹ lọ rí alága àwọn onílé àdúgbò, ẹ sọ fún àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ òru àti àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ yín. Ẹ̀rù ajínigbé ń ba gbogbo èèyàn lásìkò yìí. Ẹni tó bá rí ọmọkùnrin tó fi ẹ̀jẹ̀ para nínú òkùnkùn kò ní dúró béèrè bóyá fíìmù ni, ọdẹ tó gbé ìbọn ò sì ní rí fóònù tí ẹ fi ń yà á. Kí ọ̀kan nínú yín wà lẹ́nu géètì ní gbogbo òru, kó wọ aṣọ tó mọ́lẹ̀, kó máa kí ẹni tó bá ń kọjá, kó sì máa ṣàlàyé. Ibojì inú agboolé, ti ẹbí ni, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ àgbà ilé. Ojúbọ àti egúngún, ẹ má fọwọ́ kàn án láìgbàṣẹ.

Láti Òwódé, Ọ̀yọ́

"Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ tí a fi tòmátò inú agolo ṣe kò jọ ẹ̀jẹ̀, ojú òkú wa sì dà bí ẹni tó da ìyẹ̀fun sórí. Kí la lè lò tí kò wọ́n?"

Ìdáhùn: Bí a ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù mi rèé. Ẹ se zobo nínú omi díẹ̀ títí á fi dúdú, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ fi omi tútù po sítáàṣì ẹ̀gẹ́, ẹ dà á sínú zobo náà lórí iná kékeré, ẹ máa rò ó títí á fi ki díẹ̀, kó lè máa ṣàn lọ́ra lára èèyàn. Ẹ wá fi ìyẹ̀fun kòkó díẹ̀díẹ̀ sí i, òun ló máa mú kó ṣú, tí ìmọ́lẹ̀ kò fi ní gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ má jẹ́ kí káún tàbí omi ọṣẹ kàn án o, zobo tó bá pàdé wọn á yí àwọ̀ padà, pupa rẹ̀ á lọ. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ sára aṣọ, kí ẹ fi fóònù yín wò ó lábẹ́ iná tí ẹ máa lò gan-an, torí ohun tí ojú rí lọ́sàn-án kọ́ ni kámẹ́rà máa rí lóru.

Ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í tètè bọ́ lára aṣọ. Ẹ lọ sídìí òkìríkà, ẹ ra aṣọ méjì tó jọra, ọ̀kan mímọ́, ọ̀kan fún ẹ̀jẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní lè tún ìran kankan yà.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo mọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa. Aṣọ funfun báláú ń ba àwòrán òru jẹ́. Lábẹ́ iná kékeré pàápàá, kámẹ́rà máa sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀ lásán, ẹ ò ní rí ìṣẹ́po kan lára rẹ̀, ọjà ni gbogbo èèyàn á sì mọ̀ pé ó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ po tíì líle sínú bàsíà, ẹ rẹ aṣọ náà sínú rẹ̀ fún bí wákàtí kan, ẹ sá a sínú òjìji láìfún un. Bó bá gbẹ, ẹ fi ọwọ́ rún un, ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ ra ìṣẹ́tí rẹ̀. Lójú kámẹ́rà, funfun ló ṣì máa jẹ́, ṣùgbọ́n á ní ọjọ́ orí. Mo ti rí aṣọ òkú tí wọ́n fi owó ńlá rà tí kò bani lẹ́rù, torí ìlà àyọ́ọ̀nù ṣì wà lára rẹ̀.

Ti ojú, ẹ dín funfun yẹn kù. Ẹ fi ẹfun díẹ̀ lú ìpara, kó jẹ́ pé àwọ̀ ara ṣì ń hàn lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi èédú lílọ̀ díẹ̀ sábẹ́ ojú àti ẹ̀gbẹ́ imú, kí ẹ fi òwú nù ún tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ẹ tọ́ ọ wò lẹ́yìn ọwọ́ òṣèré náà ní àárọ̀, kí ẹ mọ̀ bóyá ara rẹ̀ gbà á. Kó má kan inú ojú. Fún òógùn ẹni tí ẹ̀rù ń bà, gilisaríìnì tí a ń fi para lọ́yẹ́ ni, ẹ fi omi là á, ẹ fi ọwọ́ wọ́n ọn síwájú orí rẹ̀. Kò ní gbẹ títí ẹ ó fi yà á tán.

Láti Awẹ́

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, wà nínú ẹgbẹ́ eré kan. Wọ́n ní òun ló máa ṣe òkú nínú fíìmù tí wọ́n ń ya lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n fẹ́ kó wọ pósí. Ìyá rẹ̀ ò sùn láti ìjẹta, ó ní wọ́n fẹ́ fi ọmọ òun pe ikú. Kí lẹ rí sí i?"

Ìdáhùn: Bàbá wa, ẹ kú àníyàn. Ẹ bá mi kí ìyá wọn, ẹ sọ fún wọn pé mi ò fi ọ̀rọ̀ wọn ṣeré. A kì í fi ẹnu lásán sọ ohun tí a kò fẹ́ kó ṣẹ, kí á tó wá fi odindi ara ṣe é. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, a máa ń gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni tó dùbúlẹ̀ bí òkú. Bí a bá ti yà á tán, kámẹ́rà á ṣì máa ṣiṣẹ́, òṣèré náà á dìde, a ó pe orúkọ rẹ̀, á dáhùn, gbogbo wa á pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ń kúrò lórí lokéṣọ̀n kó tó dìde báyìí. Owó ẹni tó bá wọ pósí náà máa ń lé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ba èmi lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yìí, atẹ́gùn ni. Ooru pọ̀ nínú pósí. Ọmọdébìnrin tó wà nínú rẹ̀ tí àyà rẹ̀ ń já lè má lè ké. Nítorí náà, ẹ ní ẹ ò ní gbà kí wọ́n kan ìdérí rẹ̀ tàbí kí wọ́n tì í, kódà fún ìṣẹ́jú kan. Kí ẹnìkan tí ọmọ náà fọkàn tán dúró níbi orí rẹ̀, kí wọ́n ti fi àmì kan láàárín ara wọn, bíi kó fi ìka kan igi, tí ẹni náà á ṣí i lójú ẹsẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ olùdarí. Wọn ò gbọdọ̀ ki òwú bọ ihò imú rẹ̀ méjèèjì. Bí wọ́n bá fẹ́ kó hàn bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi òwú lẹ ẹnu ihò imú níta, kó máa fi ẹnu mí.

Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń darí eré náà, mi ò ní lo pósí. Ẹní kan, aṣọ funfun kan, ọwọ́ kan tó yọ jáde lábẹ́ aṣọ, ká máa wo ojú àwọn tó wá sunkún. A lè ya ìyẹn láàárín ìmí kan sí èkejì. Ẹ lè sọ fún olùdarí wọn pé Màmá Akẹ̀sán ló ní kó gbìyànjú rẹ̀.

Ọmọ náà kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, ẹ̀yin òbí rẹ̀ lẹ ni ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá gbà, kí ọ̀kan nínú yín bá a lọ, kó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi parí. Bí ẹ kò bá gbà, tàbí tí ọmọ náà fúnra rẹ̀ bá ní òun ò ṣe mọ́ nígbà tó bá rí pósí náà, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ pè é lójo.

Láti Takie, Ògbómọ̀ṣọ́

"Màmá, ẹ gbà wá. A ti yà á tán, a ti ṣe èdítì, fíìmù wa kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Àbúrò mi ọmọ ọdún mẹ́jọ ń jẹ gúgúrú bó ṣe ń wò ó. Ọ̀túnla la gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́, a ò lè tún un yà."

Ìdáhùn: Ẹ ò nílò kí ẹ tún un yà. Ẹ kọ́kọ́ pa orin tó wà lábẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ti fi orin sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ohun tí gbogbo ọ̀dọ́ ń ṣe nìyẹn, orin náà ló sì ń sọ fún àbúrò rẹ pé nǹkan ń bọ̀, tó fi ti múra sílẹ̀. Ẹ wá yíjú kúrò lára àwòrán, kí ẹ gbọ́ fíìmù yín bí ẹní gbọ́ rédíò. Ibi tí ẹ ò bá ti gbọ́ ohunkóhun, tí kì í sì í ṣe pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́, ibẹ̀ ló kú sí.

Òní ni kí ẹ lọ gba àwọn ohùn tuntun sílẹ̀. Ẹ gba igbe ewúrẹ́, kí ẹ dín ìyára rẹ̀ kù sí ìdajì, kí ohùn náà sì wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ewúrẹ́ ni, ara wọn á kàn máa bù. Egungun tó ṣẹ́, pòròpórò àgbàdo gbígbẹ ni, ẹ wé aṣọ tútù mọ́ ọn kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ. Ẹ dojú igbá ńlá bo omi inú bàsíà, ẹ máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a jẹ́jẹ́, òun nìyẹn fún àyà tó ń já. Ìlẹ̀kùn tó ń han, ẹ wá èyí tó ń han nílé yín. Ẹ ò gbọdọ̀ kó gbogbo wọn sí ojú kan. Ọ̀kan, kí ẹ dákẹ́, kí òmíràn tó wọlé. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ẹ má fi òfìfo sí i, ohùn yàrá ni kí ẹ tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ ò bá gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ yà á, ẹ padà sí yàrá náà lóru òní.

Ti àwòrán, ẹ wá ibi tí iwin yín ti hàn kedere. Mo dájú pé ó ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ. Ẹ gé e kù sí ẹyọ kan tàbí méjì. Gbogbo àkókò tí ẹ bá rí níbẹ̀, ẹ gbé e síwájú rẹ̀, sí ibi tí ọmọ yẹn ti ń wo ojú fèrèsé tí kò tíì rí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó wò ó pẹ́ débi tí ẹ̀yin fúnra yín á fi fẹ́ gé e, kí ẹ má gé e. Bí ẹ bá parí, ẹ fi han ẹni tí kò mọ ìtàn náà. Ẹ má béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó dáa, torí ó máa ní ó dáa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń ká ẹsẹ̀ jọ.

Orin olórin kankan kò gbọdọ̀ kù nínú rẹ̀, wọ́n lè tìtorí ìyẹn dá a padà. Ẹ gbé e jáde ní MP4, 1080p. Bí ẹ bá fẹ́ fi WhatsApp gbé e láti fóònù kan sí èkejì, ẹ yan Document, torí bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bí fídíò lásán, á fún un pọ̀, àwòrán òkùnkùn á sì bàjẹ́. Ẹ fi ẹ̀dà kan sórí fóònù tí kì í ṣe tiyín. Ìdájí ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó kún, lọ́la, kì í ṣe ọ̀túnla. Kí ẹ sì ṣí i láti orí fóònù mìíràn, kí ẹ wò ó dé ìparí, torí fáìlì tó wọlé ní ìlàjì kò yàtọ̀ sí èyí tí kò wọlé.